Aṣọ Pupa Tí N Kò Wọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù kejì ọdún bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ilé ìtajà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so bàlúùnù pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo máa ń rò ó pé ẹnìkan yóò wà ní Houston tàbí ní Peckham tí yóò kọjá níwájú irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wúwo. Ẹni náà gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó tì wá.

Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé. Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé ìhín, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn. N kò wọ ọkọ̀ òfurufú kí n tó dé ibi tí mo wà, ìrìn ọjọ́ kan péré ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá wà níbi tí ìyá rẹ̀ kò ti lè yà wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú, àjò ló wà. Nínú ọjà wa, ẹ ó gbọ́ Haúsá, ẹ ó gbọ́ Nupe, Ebira àti Igala, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ àti ti àwọn Okun, èyí tó kọ́kọ́ ń dún létí mi bíi mo-gbọ́-mi-ò-gbọ́. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ pé Lọ́kọ́ja gbóná, ẹ gbà á gbọ́. Òkè wà lápá kan, odò wà lápá kejì, nígbà tó bá di oṣù kejì, ooru á jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, àwọn ẹbí rẹ̀ wá sí Ogbómọ̀ṣọ́ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé èso wá, àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a kò mu tán títí di ọdún tuntun. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí ìparí oṣù kẹrin ọdún 2020. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Bàbá mi ní ká sún ọjọ́ síwájú. A sún un. Ọjọ́ tí a sún yẹn kò padà wá mọ́.

Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá. Ó ní òun ti rò ó dáadáa. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ irú gbólóhùn yẹn fún rí, ẹ mọ̀ pé ohun tó máa ń tẹ̀ lé "mo ti rò ó dáadáa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń múnú ẹni dùn. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn báyìí, wọ́n ti bímọ, mo sì fẹ́ kí ọmọ náà gbó kó tọ́.

Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi ti ra léèsì, àwọn àbúrò rẹ̀ ti san owó tiwọn. Léèsì kì í ṣe ohun tí à ń dá padà fún oníṣòwò. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mi rán tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú. Nígbà tí mo rí fọ́tò náà lórí fóònù, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. N kò mọ èyí tó ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n aṣọ pupa tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe léèsì yẹn. Aṣọ kan ni ọkùnrin yìí rà fún mi ní Ọjọ́ Olólùfẹ́ ọdún 2020, ó fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Ìbàdàn, awakọ̀ náà gbé e wá bá mi ní Lọ́kọ́ja. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2021 wá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa kéde pé kí gbogbo èèyàn wọ pupa àti funfun, pé Lydia ni yóò kọ orin pàtàkì, pé àsè ìfẹ́ yóò wà ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ó rántí bí ọ̀rọ̀ Lydia ṣe rí. Ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ ló ń wà níbẹ̀. Bó bá ti gbéyàwó, ó di ti W.M.U. nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, mo ti dágbére fún wọn. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ti fún mi ní àwo tánganran mẹ́fà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ mo tún padà wá jókòó sáàárín wọn. Wọn kò béèrè àwo náà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run yóò bùkún wọn.

Mo gbé aṣọ pupa náà jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bí mo bá wọ̀ ọ́, wọn yóò sọ pé, "Ó ti gbàgbé." Bí n kò bá wọ̀ ọ́, wọn yóò sọ pé, "Ó ṣì ń rò ó." Ẹ wo bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe máa ń sọ èèyàn di òmùgọ̀: èmi tí mò ń jẹ̀rora, ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò sọ ni mò ń ṣírò. Mo ká a padà sínú àpótí. Mo wọ búlúù, mo lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá fèrèsé. N kò kọrin.

Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí Jákọ́bù àti Rákélì, bí ọkùnrin yẹn ṣe sin Lábánì fún ọdún méje tí kò sì rí i bí nǹkan kan nítorí ìfẹ́. Ìwàásù tó dára ni, n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo tọkọtaya dìde, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú fún àdúrà, àti àwọn tí wọn yóò gbéyàwó lọ́dún náà. Ariwo àga gba inú ilé ìjọsìn. Àwa tí a kò dìde wo ara wa láti ẹ̀gbẹ́ ojú: àwọn opó, àwọn ọmọdé, arákùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, èmi. A pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìbòmú ṣì wà nígbà náà, ó sì ṣe mí lóore. Ètè mi ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i.

N kò dúró de ìparí. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí Òkè Patti.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Lọ́kọ́ja kọjá lọ sí Àbújá ti rí òkè yẹn, òun ló ga ju gbogbo ìlú lọ. Èdè Nupe ni "pati", òkè náà ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá wá ní "Òkè Patti", òkè òkè ló ń sọ. Láti orí rẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Omi méjèèjì kì í tètè dàpọ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á ṣì jọ máa rìn lọ fún ìgbà díẹ̀, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, kí èèyàn tó wá di ẹni tí kò lè sọ èyí tí í ṣe èyí mọ́. Oṣù kejì ni, omi ti fà, iyanrìn ti yọ láàárín odò.

Mo ti gbàgbé pé kì í ṣe èmi nìkan ni yóò rántí òkè lọ́jọ́ yẹn. Pupa ló kún gbogbo ibẹ̀. Tọkọtaya níbí, àfẹ́sọ́nà lọ́hùn-ún, wọ́n ń ya fọ́tò lábẹ́ igi oṣè tí wọ́n ní Lugard máa ń sinmi sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń mú àlejò yí òkè náà ká ń sọ ìtàn fún àwọn méjì kan. Ó ní abẹ́ igi yẹn ni Lugard àti Flora ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, tí Flora fi wo odò nísàlẹ̀, tí ìfẹ́ gbé e, tó sì fún ilẹ̀ wa ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. "Ó mà dára o," ni arábìnrin náà wí, ó sì fi orí ti èjìká ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni ìtàn, ó sì máa ń nira fún mi láti gbọ́ irú èyí kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Inú ìwé ìròyìn The Times ti London ni Flora Shaw kọ orúkọ Nàìjíríà sí, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897. Kò tíì di ìyàwó Lugard nígbà náà. Ọjọ́ kìíní ọdún 1900 ni Lugard gbé àsíà Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja níbí. Oṣù kẹfà ọdún 1902 ni àwọn méjèèjì tó gbéyàwó, erékùṣù Madeira ni wọ́n sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ àti ọdún ló ń dùn mí nínú ìtàn ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ohun tí kò sọ, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ lórí òkè yẹn lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ni pé ẹni tí ìfẹ́ ti já kulẹ̀ rí ni àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1887, Lugard jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ní Burma, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ràn obìnrin kan tó ti pàdé ní India. Ìròyìn kàn án pé obìnrin náà ní ìjàmbá, pé ó lè kú. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sí Lucknow. Nígbà tó débẹ̀, obìnrin náà ti wọ ọkọ̀ lọ sí England. Ó tẹ̀ lé e dé ọ̀hún, ibẹ̀ ló sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí àyè fún òun mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kò ní iyàrá nínú ọkọ̀, orí pákó níta ló wà. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé kò bìkítà mọ́ bóyá òun yè tàbí òun kú. Ní ọdún 1888, létí adágún Nyasa, níbi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò ẹrú jà, ìbọn bà á lápá.

Flora náà ní tirẹ̀. Àwọn òpìtàn sọ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò lórí odò tí mò ń wò nísàlẹ̀ yẹn gan-an. Ìyàwó Goldie kú ní 1898. Flora retí, Goldie kò sì fẹ́ ẹ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni nígbà tó fẹ́ Lugard.

Mo jókòó lórí àpáta, mo ń ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. N kò sọ pé nítorí obìnrin kan ni wọ́n ṣe fi ìbọn gba Kánò àti Sókótó ní 1903. Ìtàn kì í rọrùn tó bẹ́ẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá sì kọ ọ́ sínú ìdánwò, n óò fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí i. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo mọ ohun tó ṣe é. Láti oṣù kọkànlá ni èmi náà ti ń wá ogun tí n óò lọ. Mo ti ń na àwọn ọmọ nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Mo ti dá iṣẹ́ méjì sọ́rùn ara mi ní ilé-ìwé, n kì í kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo ní ìtara. Ẹkún tí n kò sun ló ń wá iṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo dé ilé, ẹnìkan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìyá kan ni nínú W.M.U. wa, ará Kàbà, tó ń ta ẹja létí odò. Màmá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ìjọ ń pè é. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀ mà" lọ rí. Kúlà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

N kò rí èsì. Ó dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé bí ẹni pé òun ló ń sanwó ilé náà. Iyán ló wà nínú kúlà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Ó gbé e kalẹ̀, ó bu omi fún mi láti fọwọ́. Mo jẹ òkèlè méjì. Ó ń wò mí.

Ó ní, "Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọn ò jẹ́ kí n dá sùn. Ẹni tó mọ̀ mí, ẹni tí ò mọ̀ mí, gbogbo wọn ń wọlé. Ìwọ, ta ló wá jókòó tì ọ́?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, mà."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú. Mo ní, ta ló wá jókòó tì ọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe: bí ẹnìkan bá ń sunkún láàárín wa, "ó tó, ó tó" la máa ń sọ, bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ìyá yìí kò sọ pé ó tó. Kò sọ pé Ọlọ́run yóò fi dára dí i, èyí tí ìyá mi ti sọ, tí bàbá mi ti sọ, tí gbogbo Lydia ti sọ. N kò kọ àdúrà náà o, àmín ni mo ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a máa ń fi àdúrà pa ẹnu ẹni tí ń jẹ̀rora dé, kí àwa tí a ń gbà á lè tètè máa lọ sílé. Ìyá yìí mú abẹ̀bẹ̀, nítorí iná ti lọ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára.

Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó sọ̀rọ̀ owó ẹja. Ó sọ̀rọ̀ omíyalé ọdún 2012, tó wọ ilé rẹ̀ ní Adánkọlọ́ lóru, tó jẹ́ pé ọmọ àti Bíbélì nìkan ló rí gbé jáde. Ó ní títí dòní, bí òun bá fẹ́ gúnyán, òun á na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ odó àtijọ́ máa ń wà, kí òun tó rántí pé omi ti gbé e lọ. "Ọmọ odó tuntun ti wà, òun ni mo fi gún èyí tí o ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì mọ̀." Ó sùn sórí ẹní ní ilé mi lóru ọjọ́ náà. Ó ń hanrun gidigidi, èmi náà sì sùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti sùn di àárọ̀ kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kejì mo tún ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí kọkàndínlọ́gbọ̀n, ibi tí ìwàásù ti dúró. Mo ka ti Léà. Ọdún méje Jákọ́bù dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro ti obìnrin tó jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, tó rí ojú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó sì rí i lójú yẹn pé òun kọ́ ni ó ń wá. Ó bí Rúbẹ́nì, ó ní ọkọ òun yóò fẹ́ràn òun wàyí. Ó bí Síméónì, ó bí Léfì, ó ṣì ń retí. Nígbà tó bí ìkẹrin, ó ní Olúwa ni òun yóò yìn, ó sọ ọ́ ní Júdà. Mo ti gbọ́ ìwàásù Júdà yìí tó ìgbà mẹ́wàá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ṣe àmín: Léà ti gbójú kúrò lára ọkọ, ó ti gbé e sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó ti parí.

Kò parí. Ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Ní orí ọgbọ̀n, ó tún bí ọmọ kan, Sébúlúnì, ó sì tún ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, pé yóò wá bá òun gbé báyìí. Lẹ́yìn ìyìn! Obìnrin tó ti yin Ọlọ́run tọkàntọkàn, tí Dáfídì àti Olúwa wa Jésù sì tipasẹ̀ ọmọ ìyìn yẹn wá, ọkàn rẹ̀ ṣì tún padà síbi tó ti ń dùn ún. N kò lè sọ fún yín bí èyí ṣe tù mí nínú tó. Mo ti rò pé nítorí pé n kò ní ìgbàgbọ́ tó ni mo ṣe ń yin Ọlọ́run láàárọ̀ tí mo sì ń wo fọ́tò rẹ̀ lálẹ́. Arákùnrin kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀gbẹ́ Léà ni wọ́n sin Jákọ́bù sí níkẹyìn, pé Léà ló borí. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun láàyè, ibojì kọ́ ló ń wá.

Ìwọ tí o wà ní ọ̀nà jíjìn, tiwọ tún le ju tèmi lọ, mo mọ̀. Níbi tí o wà, wọ́n máa ń ta òdòdó láti ìparí oṣù kìíní, òtútù mú, o ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kò sí ará Kàbà kan tí yóò jókòó sórí àpótí dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Jíjìnnà sílé gba èèyàn lọ́wọ́ ìbéèrè ẹbí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún gba ìjókòótì mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí kò bá sí ẹni tó wá, pe ẹnìkan, kí o sọ fún un ní tààrà pé, "Wá bá mi jẹun lónìí." Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí àyà bá sì ń dùn ọ́ ní ti gidi, má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni. Láti ọdún 1990 ni àwọn dókítà ní Japan ti ṣàlàyé àìsàn ọkàn kan tí ìbànújẹ́ òjijì máa ń fà, wọ́n fi ìkòkò tí wọ́n fi ń mú ẹran inú òkun kan sọ ọ́ lórúkọ, takotsubo, nítorí bí ọkàn ṣe máa ń wú bí ìkòkò náà. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni a ti ń mọ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti rí ẹlòmíràn. Rárá. Lydia ni mo ṣì wà, àwo tánganran ti ku márùn-ún. Aṣọ pupa náà wà nínú àpótí. Mo kàn fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ní Ọjọ́ Olólùfẹ́ ọdún 2022, tó bọ́ sí ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa ní Fẹlẹlẹ, ọ̀rọ̀ òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti dàrú. Mo yá kúlà Màmá Ẹlẹ́ja, mo se ìrẹsì, mo lọ. Mo bá a nínú òkùnkùn. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí fún un: Léà, Lugard, odò méjì, orí ọgbọ̀n Gẹ́nẹ́sísì. Mo sọ ọ́ títí ìrẹsì fi tutù.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn jókòó."

Mo dákẹ́. Mo wá abẹ̀bẹ̀ káàkiri yàrá náà, n kò rí, mo fi ọmọrí kúlà fẹ́ atẹ́gùn sí i.